Níbo Ni Oúnjẹ Há Sí? Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Dá Àìsàn Ìgbémì Mọ̀ Lára Ọmọdé

Ọmọ ọwọ́ tó ń já ọmú sílẹ̀ léraléra kó lè mí, ọmọ ọdún méjì tí òtútù àyà kì í fi sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń fi omi sin gbogbo òkèlè lọ sísàlẹ̀, ọmọ tí oúnjẹ alẹ́ ń padà wá sórí ìrọ̀rí rẹ̀ lóru: gbólóhùn kan náà ni àwọn òbí fi ń ròyìn gbogbo wọn. Wọ́n á ní ọmọ náà kì í jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀nà tí a sì ń gbà dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra. Ìdílé Yorùbá tó ń gbé Peckham ní gúúsù London á kọ́kọ́ rí GP, dókítà àdúgbò wọn, kí wọ́n tó darí wọn sí King's College Hospital ní Denmark Hill tàbí sí Evelina London lẹ́gbẹ̀ẹ́ St Thomas'. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ó lè dé Great Ormond Street ní òdìkejì odò Thames, níbi tí ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ pé bí oúnjẹ ṣe ń rìn nínú ara ọmọdé gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà yìí, wọ́n á bá oríṣiríṣi àyẹ̀wò pàdé, àwọn onímọ̀ kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí èyí tó yẹ kó ṣáájú, èyí tó ṣeé gbára lé, àti èyí tí a lè fi sílẹ̀.

Lójú tèmi, púpọ̀ nínú àríyànjiyàn náà wáyé nítorí pé kì í ṣe ibì kan náà ni àwọn àyẹ̀wò yìí ń wò. Ìpele mẹ́ta ni ìgbémì ní. Ẹnu ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́: ètè, ahọ́n àti eyín á sọ oúnjẹ di òkèlè tó ṣeé gbé. Ọ̀fun ló tẹ̀ lé e, níbi tí ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ti pínyà. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, mímí á dúró, ọ̀nà èémí á tì pa, oúnjẹ á kọjá. Ìpele kẹta ni ọ̀nà oúnjẹ fúnra rẹ̀. Iṣan rẹ̀ á máa fún oúnjẹ lọ sísàlẹ̀ títí dé ẹnu àpòlúkù, níbi tí òrùka iṣan kan gbọ́dọ̀ ti tú kí oúnjẹ tó lè wọlé.

Ohun kan wà tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó lọ síwájú. Bí ọmọ tó ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé kọ̀ láti gbé nǹkan mì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí a sì fura pé ó gbé bátìrì roboto inú rìmóòtù tàbí ti ohun ìṣeré mì, A&E, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn, ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bátìrì bẹ́ẹ̀ lè jó ọ̀nà oúnjẹ láàárín wákàtí méjì. Kò sí àyè láti ní ká wò ó di àárọ̀.

Àwọn tó ní ojú àti ìbéèrè ló ṣáájú

Àwọn speech therapist, tí iṣẹ́ wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ jíjẹ pọ̀, ni òpó ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n á wo ọmọ bó ṣe ń jẹun lórí itan ẹni tó mọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tó mọ̀: bí ètè rẹ̀ ṣe ń dì mọ́ ṣíbí, iye ìgbà tó gbé mì kí òkèlè kan tó lọ, bóyá ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun lẹ́yìn tó mu nǹkan, bóyá ojú rẹ̀ ń ṣomi. Àwọn kan á tún gbé stethoscope sí i lọ́rùn láti gbọ́ ìró ìgbémì. Àyẹ̀wò yìí kò náni lówó púpọ̀, kò dun ọmọ, a sì lè tún un ṣe nígbàkígbà.

Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Omi tàbí oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ láìjẹ́ pé ọmọ wúkọ́ rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, àwọn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí láìwúkọ́ pọ̀ ju àwọn tó ń wúkọ́ lọ, pàápàá láàárín àwọn ọmọ tí ọpọlọ tàbí iṣan wọn ní àìlera. Ojú kò lè rí i. Ìwádìí lórí ìró ọrùn sì ta kora débi pé àwọn tó ń lo stethoscope pàápàá kì í fẹ́ fi òun nìkan dájọ́.

Síbẹ̀, apá ìbéèrè nínú ọ̀nà yìí ni mo rò pé a fojú kéré jù. Bí líle àti olómi bá ń há látìbẹ̀rẹ̀, iṣan tí kò ṣiṣẹ́ ni dókítà máa ń fura sí. Bí líle nìkan bá kọ́kọ́ ń há, tó wá ń burú sí i títí ó fi kan ẹ̀kọ, ọ̀nà tó ti fún ni wọ́n máa ń fura sí. Ìlànà àtijọ́ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti ń jẹ iyán, ẹ̀bà àti àmàlà, kò rọrùn láti dáhùn bí wọ́n bá béèrè pé ṣé ọmọ ń jẹ oúnjẹ líle. Òkèlè àmàlà tó ti rì sínú ewédú kò nílò eyín, ó ń yọ̀ lọ ni. Ọmọ tí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè jẹ ẹ́ tán lójú ìyá àgbà, kó sì máa sá fún búrẹ́dì, ẹran àti ìrẹsì gbígbẹ nílé ìwé. Ilé á ní ó ń jẹun, olùkọ́ á ní kò jẹun, òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sì sọ. Dókítà tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ń ra èlùbọ́ àti ilá ní Rye Lane ní Peckham gbọ́dọ̀ máa dárúkọ oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan: búrẹ́dì ńkọ́, dòdò ńkọ́, ẹran ńkọ́, òkèlè láìsí ọbẹ̀ tó ń yọ̀ ńkọ́, omi lásán ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ náà ni bí òbí bá ní ọmọ ń bì. Oúnjẹ tó ti dé àpòlúkù máa ń kan bó bá padà. Èyí tó jókòó sínú ọ̀nà oúnjẹ kì í kan. Bó ṣe wọlé náà ló ń jáde, nígbà mìíràn lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ìyá tó ń fọ aṣọ ìrọ̀rí mọ ìyàtọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, bí wọ́n bá bi í.

Àwọn tó gbára lé fíìmù X-ray

Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní videofluoroscopy, ọmọ á jókòó sórí àga nínú yàrá X-ray, á máa jẹ, á máa mu ohun tí wọ́n po barium, èròjà tó ń hàn lábẹ́ X-ray, mọ́, ẹ̀rọ á sì máa ya fíìmù bó ṣe ń gbé e mì. Jeri Logemann ti Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé. Agbára rẹ̀ ni pé ó fi ẹnu, ọ̀fun àti òkè ọ̀nà oúnjẹ hàn nínú fíìmù kan, ó sì mú ìṣẹ́jú àáyá náà gan-an tí oúnjẹ ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà èémí. Wọ́n lè yí ìkì omi padà, tàbí bí ọmọ ṣe jókòó, kí wọ́n sì rí àǹfààní tàbí àléébù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kò sí ẹni tó fi gbogbo ẹnu sọ pé ó pé. Ìtànṣán X-ray tí ọmọ ń gbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn á nílò àyẹ̀wò náà léraléra. Nítorí èyí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fíìmù máa ń gbà, bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé ìparí fídà, nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n, ni àwọn ọmọ ọwọ́ kan máa ń ṣe àṣìgbé. A kò lè fi wo ọmọ lórí ọmú. Àwọn onímọ̀ tún ń jiyàn lórí iye àwòrán: àwọn kan ní kí ẹ̀rọ ya 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ohunkóhun má baà sá mọ́ wa lójú, àwọn mìíràn ní 15 tó, kí ìtànṣán lè dín. Òṣùwọ̀n onípele mẹ́jọ tí Rosenbek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1996, tí wọ́n fi ń ka bí oúnjẹ ṣe wọ ọ̀nà èémí tó, ara àgbàlagbà ni wọ́n ti ṣe é. Bí omi bá kàn fẹnu ba ẹnu ọ̀nà èémí ọmọdé tó sì padà, ṣé àìsàn nìyẹn? Kò sí ẹni tó lè kó ọmọ tí ara rẹ̀ le wá sábẹ́ X-ray kí a lè mọ ohun tó bójú mu.

Èsì tí wọ́n bá kà sódì lè pa ọmọ lára. Ìmọ̀ràn tó sábà ń tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n mú omi ọmọ ki. Ní 2011, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ní SimplyThick, ohun ìmómiki kan, nítorí àrùn ìfun tó léwu. Ẹni tó bá gba irú ìmọ̀ràn yìí ní Peckham á gbọ́ nípa IDDSI, ìlànà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 2019, tó pín oúnjẹ àti ohun mímu sí ìpele láti 0 dé 7. Wọ́n máa ń fi sírínjì dán ohun mímu wò: wọ́n á bu mílílítà 10 sínú rẹ̀, wọ́n á sì wo iye tó kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ̀kọ mímu ṣeé fi sírínjì yìí wọ̀n nílé. Ṣùgbọ́n kí ìyá wọ̀n ọ́n ní ìgbà tí ọmọ fẹ́ mu ún gan-an, nítorí ẹ̀kọ ń ki sí i bó ṣe ń tutù, èyí tó wà ní ìpele kan lórí iná lè ti gun òmíràn kó tó dé ẹnu.

Kámẹ́rà tó ń gba imú wọlé

Ní 1988, Susan Langmore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àyẹ̀wò tí a wá mọ̀ sí FEES. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ á gba imú dé ọ̀fun, ọmọ á sì máa jẹun bó ṣe wà níbẹ̀. Kò sí ìtànṣán, kò sí barium, a lè ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a tilẹ̀ lè ṣe é nígbà tí ọmọ wà lórí ọmú. Ó ń fi itọ́ tó ń kó jọ sọ́fun hàn, èyí tí X-ray kò lè rí.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ní ìgbà tí ìgbémì bá wáyé gan-an, ọ̀fun á dì mọ́ kámẹ́rà, ojú rẹ̀ á sì funfun báláú. Ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e nìkan la ń rí. Kò rí ẹnu, kò rí ọ̀nà oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n fi méjèèjì wo ìgbémì kan náà lára àgbàlagbà, àwọn olùwòye ka ti kámẹ́rà sí èyí tó burú ju ti X-ray lọ, nítorí náà a kò lè fi èsì ọ̀kan ṣe ìtẹ̀síwájú èkejì láìronú. Bí ọmọ ọdún méjì bá ń jà, tó ń ké, kí ni a ń wò, ìgbémì rẹ̀ ni àbí ẹ̀rù rẹ̀?

Àwọn tó ní kí a kọ́kọ́ tọ́jú omi kíkan

Èyí ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Bí ọmọ bá ń bì, tàbí tó ń sunkún bó bá jẹun, wọ́n á gbà pé omi kíkan ló ń gòkè láti inú àpòlúkù, wọ́n á fún un ní oògùn, bí ara rẹ̀ bá yá, ọ̀rọ̀ parí. Ìdí wà fún un. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2015 sọ pé ìpadàgòkè oúnjẹ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ lára mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ìlànà náà kọ̀ kí wọ́n máa fi X-ray barium wá àìsàn omi kíkan. Láìsí irú ìkóra-ẹni-níjàánu yìí, ọmọ tí ara rẹ̀ le ni à bá máa dà láàmú.

Ewu rẹ̀ wà lára ọmọ tó ti dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí oúnjẹ ń há kì í ṣe ọmọ oṣù mẹ́ta tó ń bì. Àwọn ọmọ tí òrùka ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ wọn kò tú sábà máa ń lo oògùn omi kíkan tàbí ti ikọ́ fée fún oṣù púpọ̀, àwọn mìíràn fún ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ohun tó ń bí mi nínú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí pé àìsàn tó ṣeé tọ́jú ni.

Àwọn tó ń bu ẹran wò

Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn dókítà ti dá àìsàn kan mọ̀ yàtọ̀ sí omi kíkan: eosinophilic oesophagitis, nínú èyí tí sẹ́ẹ̀lì eosinophil á ya bo ọ̀nà oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà nítorí oúnjẹ kan tí ara kọ̀, bíi wàrà, àlìkámà tàbí ẹyin. Kámẹ́rà lè dé ibẹ̀ kó má rí ohunkóhun. Nítorí náà ni ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2022 ṣe ní kí wọ́n bu ẹran wíwẹ́wẹ́, ó kéré tán mẹ́fà, láti ibi tó yàtọ̀ síra. Bí eosinophil bá tó 15 lójú kan náà lábẹ́ ẹ̀rọ amóhuntóbi, ẹ̀rí wà. Kò sí àyẹ̀wò mìíràn tó lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn oorun ni wọ́n ń fún ọmọ kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n sì ní láti tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń yọ oúnjẹ kúrò tí wọ́n sì ń dá a padà. Oògùn omi kíkan tí ọmọ ti ń lò tún lè bo ẹ̀rí náà mọ́lẹ̀.

Àwọn tó ń wọn agbára iṣan

Ọ̀kan nínú àwọn àìsàn ìpele kẹta ló ní ìtàn ní gúúsù London. Achalasia ni orúkọ rẹ̀: òrùka ìsàlẹ̀ kò tú, iṣan òkè rẹ̀ kò sì fún oúnjẹ lọ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, Arthur Hurst, dókítà ní Guy's Hospital, tó wà ní Southwark kan náà pẹ̀lú Peckham, ta ko àwọn tó ní òrùka náà ń fún jù ni; ó ní kíkọ̀ tó kọ̀ láti tú ni ìṣòro. Lára ọmọdé ó ṣọ̀wọ́n gan-an, kò tó ọmọ kan nínú 100,000 lọ́dún. Fún ìdí yìí, GP lè ṣiṣẹ́ títí di ìfẹ̀yìntì láìrí i.

X-ray barium lásán lè fi í hàn: ọ̀nà oúnjẹ á fẹ̀ lókè, á wá ṣẹ́ mímú bí ẹnu ẹyẹ nísàlẹ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára iṣan ti ṣọ̀wọ́n, barium yìí ṣì ni igi lẹ́yìn ọgbà, ó sì bá ìṣòro kan tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ mu: ọmọ tó mu kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, tí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ jó, tó sì fún pọ̀. Àyẹ̀wò náà kì í fún ọmọ ní ìnira púpọ̀, ó sì yá. Àmọ́ achalasia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè sá mọ́ ọn lójú.

Manometry ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí adájọ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ohun ìwọnra tò lé ara wọn lórí rẹ̀, á gba imú wọlé dé àpòlúkù; ọmọ á máa gbé omi díẹ̀díẹ̀ mì láìsùn, kọ̀ǹpútà á sì ya agbára iṣan ní àwọ̀, búlúù níbi tí kò sí, pupa níbi tó pọ̀. Ray Clouse ní Amẹ́ríkà ló ṣíwájú irú rẹ̀ tuntun yìí ní àwọn ọdún 1990. Ìlànà Chicago, tí ẹ̀dà rẹ̀ kẹrin jáde ní 2021, ni wọ́n fi ń ka àwòrán náà, ó sì jẹ́ kí wọ́n pín achalasia sí oríṣi mẹ́ta, èyí tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti yan ìtọ́jú.

Ara àgbàlagbà ni wọ́n ti ṣe Ìlànà Chicago. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ọ̀nà oúnjẹ ọmọdé kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, okùn náà sì gba àyè púpọ̀ nínú rẹ̀ ju nínú ti àgbà lọ, nítorí náà nọ́ńbà òrùka ìsàlẹ̀ máa ń ga láìsí àìsàn. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n àgbà ka ọmọ kékeré lè so orúkọ àìsàn mọ́ ọmọ tí kò ní in. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin sì ṣòro láti mú kó gbé omi mì nígbà tí a bá ní kó gbé e. Lára àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú ọ̀nà oúnjẹ tó gé, nǹkan bí ọ̀kan nínú 3,500, ìrìn oúnjẹ kì í sábà bójú mu lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn kan sì ń béèrè pé kí ni nọ́ńbà ọ̀hún fẹ́ yí padà nínú ìtọ́jú wọn. Taher Omari ní Ọsirélíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti so ìwọ̀n agbára pọ̀ mọ́ ìwọ̀n bí oúnjẹ ṣe ń ṣàn, kí a lè wo ọ̀fun náà láìsí X-ray. Ohun tó ń fúnni nírètí ni, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ń lò ó fún ọmọdé kò tíì pọ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀rọ kankan kì í sọ. Ní 1978, Jeremy Allgrove àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sínú The Lancet nípa àwọn ọmọ láti ìdílé méjì tí wọ́n ní achalasia, tí omijé kì í jáde dáadáa lójú púpọ̀ nínú wọn, tí ara wọn kì í sì í ṣe hòmóònù cortisol tó. Àìtó cortisol lè pa ọmọ lójijì. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bá achalasia lára rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá omijé máa ń jáde bó bá ń sunkún.

Àwọn tó ní odindi ọmọ ni kí a wò

Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan gbé ìtumọ̀ kan jáde tó fi ìṣòro oúnjẹ ọmọdé sí ìsọ̀rí mẹ́rin: àìsàn ara, oúnjẹ tó ń ṣara lóore, òye jíjẹ, àti ọkàn pẹ̀lú àyíká ọmọ. Wọ́n tọ̀nà pé ọmọ tí wọ́n ti fi rọ́bà bọ́ fún oṣù púpọ̀ lè máa bẹ̀rù ṣíbí lẹ́yìn tí ọ̀fun rẹ̀ ti yá. Àṣà wa náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Rírọ ọmọ lẹ́kọ, tí àwọn olùwádìí kọ nípa rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, léwu fún ọmọ tí ọ̀nà èémí rẹ̀ kì í tì dáadáa. Ó sì yẹ kí olùtọ́jú lè béèrè nípa rẹ̀ láìdójú ti ìyá àgbà tó fi tọ́ ọmọ púpọ̀ dàgbà. Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń ṣìnà ni bó bá yára sọ pé ọkàn ni. Wọ́n ti pe achalasia ní àìsàn kíkọ̀ oúnjẹ lára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ ló kọ̀ láti kọjá.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ohun tó bójú mu nínú manometry ọmọ kékeré kò tíì hàn, kò sì rọrùn láti rí, torí kò bá ìlànà mu láti ti okùn bọ imú ọmọ tí ara rẹ̀ le. FLIP, bàlúùnù tí wọ́n fi ń wọn bí òrùka ṣe ń ṣí nígbà tí ọmọ ń sùn, lè gba ipò rẹ̀. Bóyá oògùn oorun ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí. Iye omi tí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbà kó tó di àìsàn kò ní òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá wọ́n á dá ọmọ dúró láti máa fẹnu jẹun. Ìgbà tó yẹ kí GP jáwọ́ nínú oògùn omi kíkan kó sì béèrè fún àyẹ̀wò ìrìn oúnjẹ, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹ̀rí fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ fún ọmọ tó ti kọjá ọmọ ọwọ́. Omi, yoghurt àti bísíkíìtì sì ni wọ́n sábà fi ń ṣe àwọn àyẹ̀wò yìí. Bóyá èsì wọn bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ gbé òkèlè iyán tó ti rì sínú ilá mì mu, ìbéèrè tó yẹ kí ẹnì kan wádìí ni.